Kí A Tó Fi Owó Ra Watt: Ẹ̀kọ́ Lórí Amplifáyà àti Àpótí Sípíkà Béèsì

Púpọ̀ nínú wa ló ń kọrin tàbí ló ń lo ohun èlò orin, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òde ìnáwó, tàbí ní Ọjọ́ Àṣà ẹ̀ka wa. Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé gìtá béèsì ló máa ń fa àríyànjiyàn jù nídìí ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn a kì í gbọ́ ọ rárá. Nígbà mìíràn yóò máa dún bùù-bùù tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ohùn tí a ń ta. Ìmọ̀ràn tí a sì máa ń gbọ́ kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹ lọ ra amplifáyà tó lágbára ju èyí lọ." Ìmọ̀ràn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Mo ń ta béèsì fún ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan ní Mafoluku, ní Òṣòdì, níbi tí bàálù tó ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí òrùlé wa. Lọ́dún tó kọjá, àwa márùn-ún dáwó láti tún ẹ̀rọ béèsì wa ṣe. Owó náà kò tó nǹkan méjì. Bí a bá fi ra amplifáyà ńlá, kò ní ku owó àpótí. Bí a bá fi kan àpótí, amplifáyà àtijọ́ náà la ó máa lò. Kò sí ẹni tó lè dá òmíràn nínú wa láàárín ọdún náà, nítorí náà a ní láti jókòó ṣe ìṣirò kí owó tó jáde lọ́wọ́ wa. Ìṣirò náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí ó lè wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tàbí tó fẹ́ yá a.

Ìró tó wà nísàlẹ̀

Okùn tó nípọn jù lórí gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, èyí tí à ń pè ní E, máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí à ń pè ní 41 Hz nìyẹn. Bí gìtá náà bá jẹ́ olókùn márùn-ún, okùn B rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31. Ìgbì ìró 41 Hz gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, èyí tó ju gígùn ọ̀pọ̀ yàrá tí à ń gbé ní Mafoluku. Kí sípíkà tó lè gbé irú ìró bẹ́ẹ̀ jáde, ó ní láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ síwájú, kí ó sì tún fà á sẹ́yìn.

Bí sípíkà bá wà lásán láìsí àpótí, afẹ́fẹ́ tó tì síwájú yóò yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, yóò lọ dí àlàfo tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò pa ara wọn, ìró ìsàlẹ̀ yóò sì dàwátì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àpótí ń ṣe ni pé ó ya iwájú kúrò lára ẹ̀yìn.

Àwọn baba wa mọ iyì àpótí kí iná mànàmáná tó dé. Ẹ wo àgídìgbo: irin pẹlẹbẹ bíi mélòó kan tí a dè mọ́ ojú àpótí pákó. Bí ẹ bá di irin náà mú lọ́wọ́ lásán, tí ẹ fi ìka ta á, díẹ̀ lẹ ó gbọ́. Orí àpótí ni ohùn rẹ̀ ti ń jinlẹ̀. Kí gìtá béèsì tó gbòde nílùú Èkó, àgídìgbo ló ń di ìsàlẹ̀ orin mú fún àwọn ẹgbẹ́ kan, Fatai Rolling Dollar tó papò dà ní 2013 sì wà lára àwọn tó ta á.

Ní Amẹ́ríkà, Leo Fender gbé gìtá Precision Bass jáde ní 1951. Gìtá náà nílò ẹ̀rọ tirẹ̀, amplifáyà Bassman sì tẹ̀ lé e ní 1952 pẹ̀lú sípíkà 15 ínǹṣì kan ṣoṣo. Ní 1969, ilé iṣẹ́ Ampeg gbé SVT jáde: 300 watt, pẹ̀lú àpótí tí sípíkà 10 ínǹṣì mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ìbéèrè kan náà ni àwọn olóhun èlò ń bi ara wọn: báwo ni agbára amplifáyà àti àpótí ṣe máa bá ara wọn mu?

Ìṣirò watt

Watt ni à ń fi wọn agbára tí amplifáyà ń fi ránṣẹ́ sí sípíkà. dB ni à ń fi wọn bí ìró ṣe ga tó. Àwọn méjèèjì kì í gòkè ní ìṣísẹ̀ kan náà. Bí a bá sọ watt di ìlọ́po méjì, 3 dB péré ni ìró yóò fi lọ sókè, etí yóò sì mọ̀ ọ́n bí ìyípadà díẹ̀. Kí etí tó gbà pé ìró ti di ìlọ́po méjì, ó ní láti lọ sókè tó nǹkan bí 10 dB, watt ìlọ́po mẹ́wàá ló sì lè gbé e débẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kúrò lórí 300 watt bọ́ sórí 600 watt ti san owó gidi fún 3 dB.

Nọ́ḿbà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Nínú ìwé tó bá sípíkà wá, ẹ ó rí nǹkan bíi 95 dB tàbí 98 dB. Ìyẹn ni bí ìró rẹ̀ ṣe ga tó ní mítà kan síwájú rẹ̀ nígbà tí a bá fún un ní watt kan. Sípíkà 98 dB tó gba 150 watt yóò dún sókè bákan náà pẹ̀lú sípíkà 95 dB tó gba 300 watt. Ẹni tó bá mọ èyí lè fi owó sípíkà kan gba ohun tí ẹlòmíràn ń fi owó amplifáyà ńlá wá.

Ohm: òfin tí a kò gbọdọ̀ rú

Ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Bí ohm bá ṣe ń kéré sí i ni iná tó ń jáde nínú amplifáyà ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn amplifáyà tiwa pé 300 watt ni ní 8 ohm, 500 watt ní 4 ohm, àti pé 4 ohm ló kéré jù. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni òfin. Bí a bá so ó mọ́ 2 ohm, iná tó ju agbára rẹ̀ lọ yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Yóò gbóná, yóò sì pa ara rẹ̀ tàbí kí ó jó.

Ihò sípíkà méjì tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ amplifáyà máa ń so + mọ́ +, àti − mọ́ −. Nígbà tí àpótí méjì bá wà lórí wọn, ẹ sọ ohm méjèèjì di púpọ̀, kí ẹ wá fi àròpọ̀ wọn pín in. Fún àpótí 8 ohm méjì: 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, 8 àti 8 jẹ́ 16, 64 tí a fi 16 pín jẹ́ 4 ohm. Fún 8 ohm àti 4 ohm: 32 tí a fi 12 pín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2.7 ohm. Èyí ti rú òfin amplifáyà wa. Àpótí 8 ohm mẹ́ta náà yóò fún wa ní nǹkan bí 2.7 ohm, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kẹta kún un nítorí pé àyè wà níbi tí a lè ki wáyà bọ̀.

Bí a bá so sípíkà tẹ̀ léra wọn, tí + ọ̀kan ń lọ sí − èkejì, a kàn máa ro wọ́n pọ̀ ni: 8 àti 8 di 16. Báyìí ni wọ́n ṣe ń so sípíkà 8 ohm mẹ́rin nínú àpótí kan kí gbogbo rẹ̀ tún lè padà jẹ́ 8 ohm: méjì-méjì tẹ̀ léra wọn di 16 àti 16, àwọn 16 méjèèjì sì wá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ọ̀pọ̀ àpótí tòkunbọ̀ ni ìwé ara wọn ti ya. Ẹ yọ wáyà amplifáyà kúrò, kí ẹ fi mítà tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò wọn ẹnu àpótí náà. Sípíkà 8 ohm sábà máa ń fi nǹkan bí 5.5 sí 6.5 hàn, ti 4 ohm máa ń fi nǹkan bí 3 sí 3.5 hàn. Kì í ṣe pé mítà ń purọ́: wáyà tó wé mọ́ inú sípíkà nìkan ló ń wọn, nígbà tí sípíkà náà kò mira.

Ẹ tún rántí wáyà tí a fi ń so wọ́n pọ̀. Wáyà gìtá tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, ìró kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá fi so amplifáyà mọ́ àpótí, ó lè gbóná títí yóò fi yọ́. Wáyà sípíkà gidi ni kí ẹ lò.

Ọ̀nà méjì tó wà níwájú wa

Àpótí wa àtijọ́ ní sípíkà 15 ínǹṣì kan, 8 ohm, 300 watt. Nítorí náà 300 watt ni à ń rí gbà lára amplifáyà wa. Bí a bá kan àpótí kejì tó bá a dọ́gba, àwọn méjèèjì yóò di 4 ohm, amplifáyà kan náà yóò sì gbé 500 watt jáde. Ìyẹn fi nǹkan bí 2.2 dB kún un. Yàtọ̀ sí èyí, sípíkà méjì tó wà nítòsí ara wọn ń ti afẹ́fẹ́ pọ̀, èyí sì lè fi tó 3 dB mìíràn kún ìró ìsàlẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 5 dB. Sípíkà kọ̀ọ̀kan yóò gba 250 watt, kò sì kọjá 300 tí wọ́n kọ sí i lára.

Kí a tó rí 5 dB kan náà gbà lọ́wọ́ watt nìkan, a nílò nǹkan bí 950 watt tí yóò wọ inú sípíkà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún 300. A ó ti jó sípíkà náà kí a tó gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣirò yìí, kò sí ẹni tó tún jiyàn nínú wa. Káfíńtà la lọ bá.

Kíkan àpótí

Àpótí béèsì kì í ṣe àpótí aṣọ. Iye afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń pinnu bí sípíkà yóò ṣe dún. Neville Thiele àti Richard Small ló ṣe ìṣirò tí àwọn tó ń ṣe sípíkà ń lò títí di òní: wọ́n fi hàn bí a ṣe lè wọn ìwà sípíkà kan kí a sì mọ àpótí tó yẹ ẹ́ kí ayùn tó kan pákó. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tẹ àwọn nọ́ḿbà wọ̀nyí sínú ìwé sípíkà. Ẹ béèrè fún un.

Ẹ ṣọ́ra fún sísanra pákó. Bí a bá ní kí káfíńtà kan àpótí 60 cm sí 50 cm sí 40 cm, orí ìwé yóò sọ pé lítà 120 ni. Ṣùgbọ́n bí pákó plywood bá jẹ́ 18 mm, inú rẹ̀ yóò jẹ́ 56.4 sí 46.4 sí 36.4, èyí tó jẹ́ nǹkan bí lítà 95. Ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ tí pákó ti gbà. Inú ni kí ẹ fún káfíńtà ní ìwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ìta.

Oríṣi àpótí méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó dí pátápátá máa ń fún wa ní ìró tó ṣe ṣókí, tó sì tètè dúró nígbà tí ọwọ́ bá dúró. Irú rẹ̀ ni àpótí sípíkà mẹ́jọ ti SVT. Èyí tó ní ihò ń ṣiṣẹ́ bíi ìgbà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹnu ìgò: afẹ́fẹ́ inú ihò náà ń gbọ̀n ní ìró kan pàtó, ó sì ń ran sípíkà lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìró yẹn, afẹ́fẹ́ inú àpótí kò tún di sípíkà mú mọ́, yóò kàn máa fì síwá sẹ́yìn. Ẹni tó ń ta olókùn márùn-ún lórí àpótí tí wọ́n yí ihò rẹ̀ sí 45 Hz ní láti dín ohùn ìsàlẹ̀ kù lórí amplifáyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn B yóò ya sípíkà. Ti àtijọ́ wa dí pátápátá, nítorí náà a kan èkejì bákan náà, kí àwọn méjèèjì má bàa máa ta ko ara wọn.

Nígbà tí káfíńtà bá parí, ẹ fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn. Bí ó bá dún bí ìlù, ó nílò igi ìdábùú nínú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ìpàdé. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bátìrì 1.5 volt, kí ẹ fi + rẹ̀ kan + sípíkà, kí − kan −, fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú sípíkà gbọ́dọ̀ sún síwájú. Bí ọ̀kan bá sún síwájú tí èkejì sún sẹ́yìn, àwọn méjèèjì yóò máa pa ìró ara wọn, ẹ ó sì máa rò pé amplifáyà ni kò lágbára.

Bí a ṣe ń fi wọ́n wéra

A yá àpótí onísípíkà 10 ínǹṣì mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan láti fi wé àpótí 15 ínǹṣì méjì tiwa. Ohun tó máa ń tan ènìyàn jẹ nínú irú ìdánwò yìí ni pé èyí tó bá dún sókè jù ni etí máa ń pè ní èyí tó dára jù. Nítorí náà a fi fóònù tó ń wọn dB mú wọn dọ́gba ní ibì kan náà. Ẹnì kan ń pààrọ̀ wáyà, àwa tó kù kọ ẹ̀yìn sí i. Orin kan náà, ọwọ́ kan náà, gbogbo bọ́tìnì ohùn sì wà láàárín. Nígbà tí mo dá ta á, púpọ̀ nínú wa fẹ́ 15 ínǹṣì nítorí ó kún inú yàrá. Nígbà tí ìlù àti dùùrù wọlé, 10 ínǹṣì mẹ́rin ni ohùn kọ̀ọ̀kan ti hàn ketekete jù. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àárín ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti dán ẹ̀rọ wò. Ẹ má sì gbà pé 15 ínǹṣì gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ ju 10 lọ. Àpótí àti bí a ṣe ṣe sípíkà ló ń sọ èyí.

A kò ra òmíràn nítorí èyí. A kàn fi díẹ̀ kún ohùn àárín lórí amplifáyà, a sì dín ìsàlẹ̀ kù díẹ̀.

Yàrá, iná, àti aládùúgbò

Yàrá náà jẹ́ ohun èlò. Yàrá ìdánrawò wa fẹ̀ ní mítà mẹ́rin. Nígbà tí ooru bá jẹ́ 30°C, ìró ń rìn ní nǹkan bí mítà 349 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìlọ́po méjì fífẹ̀ yàrá, ìyẹn 8, pín in: ó jẹ́ nǹkan bí 43.6 Hz. Ohùn F tó wà ní ìsàlẹ̀ gìtá béèsì jẹ́ 43.65 Hz. Ìdí nìyẹn tí F fi ń bú jáde nínú yàrá yẹn nígbà tí àwọn ohùn yòókù jẹ́ẹ́. Kò sí amplifáyà tí a lè rà tí yóò wo èyí sàn. A sún àpótí kúrò ní kọ̀rọ̀, a sì rí ìyàtọ̀.

Ní ti iná, 120 volt ni ti Amẹ́ríkà, 230 volt sì ni tiwa. Kí ẹ tó ki amplifáyà tòkunbọ̀ bọ iná, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ "hùùù" tó sún mọ́ ohùn G, iná wa tó jẹ́ 50 Hz ló ń wọlé, nítorí G ìsàlẹ̀ jẹ́ 49 Hz. Ẹ yẹ wáyà gìtá àti ilẹ̀ iná wò. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì láti pa ìró náà. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bo ẹni tó di okùn irin mú.

Ní ti aládùúgbò, ìró ìsàlẹ̀ ni ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ dá dúró. Ẹni tó wà ní ojúlé kejì lè má gbọ́ akọrin rárá kí béèsì sì máa mi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, fi 55 dB sí ìró ọ̀sán àti 45 dB sí ti òru ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé. Mafoluku kún fọ́fọ́, àwọn tó sì yí wa ká ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. A gbé àpótí wa sókè lórí àga kékeré tó sún mọ́ etí wa, a fi ìdánrawò sí ọ̀sán, a sì ń ta á sí ìwọ̀n tí a fi lè gbọ́ ara wa. 5 dB tí a rí gbà yẹn, òde ìnáwó la fi pamọ́ fún.

Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Àṣà bá fẹ́ yá ẹ̀rọ béèsì, kí wọ́n bi ẹni tó ń yá ni ní ìbéèrè márùn-ún yìí: Ohm mélòó ni amplifáyà yìí lè gbà tó kéré jù? Ohm mélòó ni àpótí kọ̀ọ̀kan? Watt mélòó ni sípíkà lè gbà? Dé dB mélòó ni ó ń dún ní watt kan? Ṣé wáyà sípíkà gidi ló bá a wá? Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀ mọ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ju "1000 watt ni" lọ, ẹ fi mítà wọn àpótí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.